Wáìnì Verdicchio mi korò lẹ́nu: ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Leeds ni mò ń gbé. Mo ra ìgò wáìnì funfun Ítálì méjì. Ohun tí wọ́n kọ sára àkọ́kọ́ ni "Verdicchio dei Castelli di Jesi Classico Superiore 2023". Ti èkejì ni "Verdicchio di Matelica Riserva 2021", owó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Alẹ́ àná ni mo ṣí ti Jesi. Ó kọ́kọ́ dùn, àmọ́ bí mo ṣe gbé e mì tán ni ìkorò kan bá dúró sí mi lẹ́yìn ahọ́n. Mo tún rí nǹkan wínníwínní funfun nísàlẹ̀ ìgò, bí iyọ̀. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni? Ṣé kí n dá a padà fún wọn? Ìgò kejì ńkọ́, kí n ṣí i ni àbí kí n tọ́jú ẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè. Ẹ má tíì dá nǹkan kan padà. Verdicchio ni orúkọ àjàrà tí wọ́n fi ṣe wáìnì yín, ara àjàrà náà ni ìkorò yẹn sì ti wá. Verdicchio tí kò bá korò rárá lẹ́yìn gbígbémì, ẹni tó mọ̀ ọ́n á fura sí i. Nǹkan funfun yẹn náà kì í ṣe ẹ̀gbin. Àmọ́ ìkorò wà, ìkorò sì wà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ èyí tó wà nínú ife yín.

Ìkorò tó jẹ́ ti Verdicchio kì í báni jà. Wáìnì náà á kọ́kọ́ kan díẹ̀ bí ọsàn wẹ́wẹ́, ẹ ó gbọ́ òórùn ápù tútù àti ti òdòdó funfun, ẹnu á sì kún. Ìgbà tí ẹ bá gbé e mì tán ni ìkorò fẹ́ẹ́rẹ́ kan á yọjú. Kò ní pẹ́ tí yóò fi lọ, á sì fi ẹnu yín sílẹ̀ ní mímọ́. Àwọn ará Ítálì máa ń fi álímọ́ńdì wé e. Ẹni tó bá ti fi òkúta fọ́ kóró fúrúùtù rí lábẹ́ igi, tó sì jẹ ohun funfun inú rẹ̀, mọ ohun tí mò ń sọ: ọ̀rá ló kọ́kọ́ ń wá, ìkorò kékeré á tẹ̀ lé e. Kò jọ ti ewúro rárá. Ta ló ń jẹ obì nítorí pé ó dùn bí ṣúgà? Iṣẹ́ tí ìkorò ń ṣe nínú obì ló ń ṣe nínú wáìnì yìí, ó ń gé ọ̀rá oúnjẹ kúrò lẹ́nu, ó sì ń jẹ́ kó wuni láti tún gbé ife.

Wáìnì tó bàjẹ́ ní tirẹ̀, imú ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀ kí ahọ́n tó mọ̀. Ẹ da díẹ̀ sínú ife, kí ẹ gbé e súnmọ́ imú, kí ẹ má mi ife rárá. Bó bá ń run bí páálí tó rin tàbí àkísà tó ti pẹ́ nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ kì í dé, kọ́ọ̀kì, ìdérí ìgò tí wọ́n fi èèpo igi ṣe, ló bà á jẹ́. Ohun kan tí wọ́n ń pè ní TCA ló máa ń wà nínú irú kọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀. Kì í pa èèyàn, òórùn èso inú wáìnì ló ń pa. Ẹ lè dá irú ìyẹn padà láìbẹ̀rù, ṣọ́ọ̀bù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bá yín jiyàn. Bó bá ń run bí fínígà tàbí bí ohun tí wọ́n fi ń nu ọ̀dà èékánná kúrò, bakitéríà ti ń sọ ọ́ di fínígà nìyẹn. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti rí bíi tíì, tó sì ń run bí ápù tí wọ́n gé sílẹ̀ tó ti dúdú, afẹ́fẹ́ ló wọ̀ ọ́. Ẹ tún wo kọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀: bó bá ti yọ sókè díẹ̀, tí wáìnì sì ti ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde, ìgò náà ti jókòó síbi tó gbóná, bóyá nínú ọkọ̀ tàbí lẹ́bàá fèrèsé ṣọ́ọ̀bù, adùn rẹ̀ á sì dà bí èso tí wọ́n sè. Òórùn ìṣáná tàbí ti ẹyin ló yàtọ̀ díẹ̀, nítorí ìyẹn lè wá láti ara pé wáìnì náà kò rí afẹ́fẹ́ tó nínú táǹkì. Ẹ yí ife náà dáadáa, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sábà máa ń lọ.

Ẹ kò dárúkọ èyíkéyìí nínú wọn, ẹ sì ní ó kọ́kọ́ dùn. Ìyẹn ló jẹ́ kó dá mi lójú pé ohun tí ẹ tọ́ wò ni ìkorò àjàrà gan-an. Ohun tó kù ni ìdí tó fi pọ̀ débi tó fi kó ìpayà bá yín, mo sì fura sí nǹkan méjì tí ẹ kò sọ: bó ṣe tutù tó, àti ohun tí ẹ fi jẹ. Fíríìjì ilé sábà máa ń wà ní nǹkan bí 4°C. Ní irú òtútù yẹn, òórùn èso á sá pamọ́, kíkan àti ìkorò nìkan ni ahọ́n á máa gbọ́. Oúnjẹ tó bá ní ṣúgà nínú máa ń sọ ọ́ di púpọ̀ sí i: ẹ fi dòdò tó ti pọ́n dáadáa mu Verdicchio, ẹ ó rò pé ẹnì kan fún ọsàn wẹ́wẹ́ sínú ife yín ni. Ata gbígbóná náà kì í bá a rẹ́. Ọtí tó wà nínú rẹ̀ á máa da epo sí iná tí ata ti dá sílẹ̀. Iyọ̀ ló ń bá ìkorò wí.

Torí náà, ẹ dán èyí wò lálẹ́ òní pẹ̀lú ohun tó kù nínú ìgò. Ẹ gbé e jáde kúrò nínú fíríìjì fún 30 ìṣẹ́jú, kó lè súnmọ́ 10°C. Ẹ da ife kan, bíi ìdá kan nínú mẹ́ta ife ni kó kún mọ, kí òórùn lè ráyè. Ẹ mu ẹnu kan. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ ẹja díndín díẹ̀ tí iyọ̀ wà lára rẹ̀ dáadáa, ẹ wá mu ẹnu kejì. Bí ìkorò ọ̀hún bá ti fà sẹ́yìn ní ẹnu kejì yẹn, kò sí ohun tó ṣe wáìnì yín. Bó bá ṣì le koko, tó gbẹ yín lẹ́nu bí ìgbà téèyàn jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò pọ́n, a jẹ́ pé wọ́n fún àjàrà náà jù níbi tí wọ́n ti ṣe é. Àléébù ọwọ́ oníṣẹ́ nìyẹn, kì í ṣe ìbàjẹ́, ẹ kàn má ra ti ilé iṣẹ́ yẹn mọ́.

Fífún yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Inú èèpo àti kóró ni ìkorò Verdicchio ń gbé. Ẹni tó bá ti fún ọsàn rí mọ̀ pé omi tó kọ́kọ́ ṣàn dùn, àmọ́ bí a bá fi agbára tẹ̀ ẹ́ títí dé èèpo, ìkorò á bá a jáde. Nínú 100 kìlógíráàmù àjàrà, ó lè tó 70 lítà wáìnì téèyàn á rí. Oníṣẹ́ tó fẹ́ kí tirẹ̀ tura á ya bíi 50 sí 60 lítà àkọ́kọ́ sọ́tọ̀, á sì ṣe ìyókù lọ́tọ̀ tàbí kó tà á fún ẹlòmíì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò báyìí dà bí bàlúù ńlá nínú àgbá irin: afẹ́fẹ́ á máa wọ inú bàlúù náà díẹ̀díẹ̀, á máa ti àjàrà mọ́ ara àgbá láìfọ́ kóró. Láyé àtijọ́, èèpo àti omi jọ máa ń hó pọ̀ ni, lẹ́yìn náà wọ́n tún máa ń da àjàrà tí wọ́n sá sínú rẹ̀ kó lè hó lẹ́ẹ̀kejì. Wáìnì ìgbà yẹn dúdú díẹ̀, ó ń hó sí ni lẹ́nu, ó sì korò ju ti ìsinsìnyí lọ. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti tún ń dá ṣíṣe é pẹ̀lú èèpo padà. Lójú tèmi, àjàrà yìí kò nílò rẹ̀. Ìkorò tó bá a wáyé ti tó o.

Lẹ́yìn fífún, wọ́n á jẹ́ kí omi náà tòrò nínú òtútù fún bí ọjọ́ kan, kí pàǹtí lè lọ sísàlẹ̀. Ìwúkàrà á wá jẹ ṣúgà inú rẹ̀ di ọtí nínú táǹkì irin tàbí ti sìmẹ́ǹtì, ní 15 sí 18°C, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta. Bó bá gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ, òórùn òdòdó á fò lọ. Bí ó bá sì tutù jù, ìwúkàrà á sùn sẹ́nu iṣẹ́, ṣúgà á ṣẹ́kù, tàbí kí wáìnì máa run bí súwíìtì ọmọdé, èyí tó máa ń parẹ́ kí ọdún kan tó pé. Èyí tí wọ́n bá fẹ́ kó pọ̀ lẹ́nu, wọ́n á fi í sórí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ìwúkàrà tó ti kú fún bí oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà, wọ́n á máa rú u lóòrèkóòrè. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yẹn ló ń fún Verdicchio rere ní ara tó rọ̀, tó ń bo ìkorò bí aṣọ.

Nǹkan bí iyọ̀ tí ẹ rí nísàlẹ̀ ìgò wá láti ara kíkan àjàrà náà. Àsíìdì kan wà tí wọ́n ń pè ní tartaric. Bí wáìnì bá tutù gan-an, á dìpọ̀ mọ́ potassium, á sì di kírísítálì. Ilé iṣẹ́ tó bá fẹ́ kí ìgò mọ́ lójú oníbàárà á mú táǹkì tutù dé bíi −4°C fún ọjọ́ mélòó kan, kí kírísítálì náà lè já sínú táǹkì kó tó kan ìgò. Ẹni tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, inú fíríìjì yín ló máa ti já. Kò ní òórùn, kò sì lè ṣe yín ní nǹkan kan. Ẹ gbé ìgò nàró fún wákàtí kan, ẹ rọra dà á, kí ẹ sì fi ìka kan sílẹ̀ nísàlẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó mú kí ìgò méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀. Marche ni ilé Verdicchio, lápá ìlà-oòrùn àárín Ítálì, láàárín òkè Apennine àti Òkun Adriatic. Ancona ni olú-ìlú ibẹ̀. Àwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní "verde" ni wọ́n fi sọ àjàrà náà lórúkọ, torí pé bó ti wù kó pọ́n tó, àwọ̀ ewé díẹ̀ máa ń kù sí èèpo rẹ̀ lára, ẹ ó sì rí i tó ń tàn létí ife. Kì í ṣe Marche nìkan ló wà: àyẹ̀wò DNA ti fi hàn pé òun kan náà ni èyí tí wọ́n ń pè ní Trebbiano di Soave lápá Veneto, bẹ́ẹ̀ náà ni Turbiana tó ń so ní etí adágún Garda ṣe jẹ́ ìbátan rẹ̀ tímọ́tímọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn wáìnì Lugana, tí wọ́n ń fi Turbiana ṣe, ti ń mu mọ̀lẹ́bí Verdicchio láìmọ̀.

Odò Esino ń ti orí òkè wá, ó ń ṣàn lọ sínú Òkun Adriatic, ìlú Jesi sì wà lẹ́bàá rẹ̀. Castelli ni àwọn ìlú kéékèèké olódi tó yí Jesi ká lórí òkè: Cupramontana, Staffolo, Montecarotto, Maiolati Spontini, Serra de' Conti àti àwọn mìíràn. Afẹ́fẹ́ òkun ń dé ọ̀dọ̀ wọn. Àwọn tó wà lápá òsì odò, bíi Montecarotto, ń kojú sí gúúsù, oòrùn ń ná wọn dáadáa, wáìnì wọn sì máa ń kún lẹ́nu. Cupramontana àti Staffolo tó wà lápá ọ̀tún ga, ó sì tutù níbẹ̀, wáìnì wọn mú, ó sì tọ́ bí okùn tí a fà le. Ti Matelica kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òkè Esino lọ́hùn-ún ló wà, nínú àfonífojì kan tó lọ láti àríwá sí gúúsù, tí òkè ńlá dí lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Afẹ́fẹ́ òkun kì í dé ibẹ̀. Oòrùn ọ̀sán ń mú, òru sì ń tutù wọra. Òtútù òru yẹn ni kì í jẹ́ kí kíkan àjàrà lọ, nígbà tí oòrùn ọ̀sán ń kó ṣúgà jọ sínú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Matelica fi máa ń kan jù, tó sì tún máa ń lágbára jù, nínú ife kan náà. Àwọn kan máa ń sọ pé iyọ̀ òkun àtijọ́ tó wà nínú ilẹ̀ ibẹ̀ ló ń wọ inú wáìnì. Ọ̀rọ̀ ọlọ́jà nìyẹn o. Kíkan àti ìkorò tó bá pàdé lórí ahọ́n ló ń tàn wá pé a tọ́ iyọ̀ wò.

Nípa ohun tó wà lára ìgò: nínú méjèèjì, ó kéré tán ìdá 85 nínú 100 gbọ́dọ̀ jẹ́ Verdicchio. "Classico" túmọ̀ sí pé àárín àgbègbè àtijọ́ ni àjàrà ti wá. "Superiore" túmọ̀ sí pé ọtí inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 12 nínú 100. "Riserva" ló ṣe pàtàkì jù. Oṣù 18 ni ó kéré jù tí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ fi tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó tà á, ọtí rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní 12.5. Láti nǹkan bí ọdún 2010 ni ìjọba Ítálì ti gbé Riserva àgbègbè méjèèjì sí ipò DOCG, ipò tó ga jù lọ nínú òfin wáìnì wọn. Ohun kékeré kan wà tó máa ń da àwọn tó ń ra á rú: wáìnì lásán ń jẹ́ "Verdicchio dei Castelli di Jesi", àmọ́ Riserva DOCG ibẹ̀ ń jẹ́ "Castelli di Jesi Verdicchio Riserva". Wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà po. Bí ẹ bá rí i báyẹn, kì í ṣe àṣìṣe, ẹ kò sì ra ayédèrú.

Ẹ lè bá ìgò aláwọ̀ ewé kan pàdé tí ìbàdí rẹ̀ sún bíi ti ìṣà ayé àtijọ́. Ilé iṣẹ́ Fazi Battaglia ló gbé e jáde lọ́dún 1953, ayàwòrán-ilé Antonio Maiocchi ló yà á. Ìgò yẹn ló mú orúkọ Verdicchio dé gbogbo ayé, òun náà ló sì bà á jẹ́ díẹ̀, nítorí pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ìgò làwọn èèyàn ń rà, wọn kò bìkítà fún ohun tó wà nínú rẹ̀. Àwọn oníṣẹ́ tó dáńtọ́ padà sí ìgò tó rí gbọọrọ.

Inú oko ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀ka Verdicchio kan lọ́wọ́ ní oṣù Kejì, nígbà tí ewé ti já bọ́ tán, ká ka ojú rẹ̀ láti ìdí, bí a ti ń ka ojú iṣu. Ojú kìíní, ìkejì, ìkẹta: àwọn wọ̀nyí á rú ewé nígbà tó bá yá, àmọ́ ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọn kì í so. Iwájú ni èso wà. Èyí ló fà á tí wọ́n fi ń fi ẹ̀ka rẹ̀ sílẹ̀ ní gígùn, ojú 8 sí 12, tí wọ́n sì ń so ó mọ́ wáyà ní títẹ́jú, tàbí kí wọ́n tẹ ẹ̀ka méjì wálẹ̀ bí ọrun ní ọ̀tún àti ní òsì. Òṣìṣẹ́ tó bá gé e kúrú sí ojú méjì bí wọ́n ti ń gé àwọn àjàrà mìíràn, igbó ewé ló máa kórè. Ọ̀nà gígùn yìí ń gba ọwọ́ púpọ̀, torí pé ó ṣòro fún ẹ̀rọ, iye owó ìgò yín sì mọ̀ nípa rẹ̀.

Bó bá so tán, wàhálà tún kù. Èso orí ṣírí kan há mọ́ra débi pé ìka kò lè wọ àárín wọn. Ìparí oṣù Kẹsàn-án sí àárín oṣù Kẹwàá ni wọ́n ń kórè, ìgbà tí òjò sì máa ń padà dé nìyẹn. Èso kan á mu omi, á bẹ́, á bu. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ti ran gbogbo àwọn tó fara kàn án. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń já ewé kúrò lára ṣírí kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá, ní apá tí oòrùn àárọ̀ ń gbà là nìkan. Bí wọ́n bá já apá ti ọ̀sán, oòrùn á jó èèpo, èèpo tó bá sì jó á tún fi ìkorò kún ìkorò. Wọ́n ń fín imí ọjọ́ sí àrùn tó ń funfun lójú ewé bí ẹfun, wọ́n sì ń fín bàbà sí èyí tí òjò ń mú wá. Ọdún 2023 tó wà lára ìgò yín gan-an, òjò oṣù Karùn-ún àti oṣù Kẹfà pọ̀ débi pé àrùn kejì yìí ba ọ̀pọ̀ àjàrà jẹ́ ní gbogbo etí Adriatic, Marche náà kò sì mórí bọ́. Ẹni tó rí nǹkan kórè lọ́dún yẹn, ojoojúmọ́ ló wà lóko.

Wàyí o, ìgò kejì. Ẹ má ṣí i bí ẹ ti ṣí àkọ́kọ́. Àwọn Verdicchio lásán tí kò ní Classico tàbí Riserva lára, kí ẹ mu wọ́n láàárín ọdún méjì sí mẹ́rin sí ìgbà tí wọ́n kórè àjàrà wọn. Classico Superiore rere lè tó ọdún mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Riserva lè kọjá ọdún mẹ́wàá láìmikàn, kíkan rẹ̀ ló ń pa á mọ́. Nígbà tó bá dàgbà, àwọ̀ ewé á di wúrà, ápù tútù á di oyin, òórùn òkúta ìbọn tàbí kẹrosíìnì díẹ̀ lè yọ, ìkorò yẹn á sì rọ̀, á di bí álímọ́ńdì tí wọ́n yan. Ẹ máa rántí èyí kí ẹ má bàa pe àgbà ní òkú: àwọ̀ wúrà nínú Riserva ọlọ́dún mẹ́wàá kì í ṣe ti afẹ́fẹ́ tí mo sọ lókè.

Ìgò ti 2021 lè dúró títí di 2031, bí ibi tí ẹ gbé e sí bá dára: ibi tó ṣókùnkùn, tí kì í gbóná ju 15°C lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, tí òtútù rẹ̀ kì í sì í yí padà púpọ̀ lójoojúmọ́. Kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn dára, bí bọ́ílà kò bá sí níbẹ̀. Ẹ fi ìgò tó bá ní kọ́ọ̀kì dùbúlẹ̀ kí kọ́ọ̀kì má bàa gbẹ. Orí fíríìjì ló burú jù lọ nínú ilé, ooru mọ́tò rẹ̀ kì í sinmi. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ mu ún, 12 tàbí 13°C ni kó wà: wákàtí kan ní ìta fíríìjì. Ìgò 750 mìlílítà á fún yín ní ife márùn-ún. Bó bá ṣẹ́kù, ẹ dé e, ẹ dá a padà sínú fíríìjì, ó lè tó ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ti Riserva a sì máa dára jù lọ́jọ́ kejì.

Bí ẹ bá ń wá irú rẹ̀ mìíràn láti fi wé e, wáìnì tí ilé iṣẹ́ Garofoli ń pè ní Podium kò rí àgbá igi rí, táǹkì irin nìkan ni. Riserva ti Villa Bucci ń gbé nínú àgbá igi ńlá tó ti gbó, tí kì í fi òórùn igi sí i lára. Balciana ti Sartarelli ń pẹ́ lórí igi kí wọ́n tó kórè rẹ̀. Lápá Matelica, Collestefano mú bí abẹ, Mirum ti La Monacesca sì sanra. Èyí tí wọ́n bá fi sínú àgbá igi kékeré tuntun, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ, fànílà ni ẹ máa mu.

Ní ti oúnjẹ, ẹ kò ní láti lọ jìnnà. Oúnjẹ tí Ancona fi ń yangàn jù ni páńlá gbígbẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní stoccafisso, láti erékùṣù Lofoten ní Nọ́wè, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹja kọ́ orí igi láti oṣù Kejì di oṣù Karùn-ún. Ítálì àti Nàìjíríà wà lára àwọn tó ń ra á jù lágbàáyé. Odindi ẹja ni Ítálì ń wá jù, orí rẹ̀ sì ń bọ̀ wá sínú ọbẹ̀ wa. Fún páńlá kìlógíráàmù kan tí ẹ ti rẹ fún bí ọjọ́ márùn-ún, tí ẹ ń pààrọ̀ omi rẹ̀ lójoojúmọ́, ẹ wá kìlógíráàmù kan ọ̀dùnkún, ìdajì kìlógíráàmù tòmátò, 300 mìlílítà òróró ólífì, àlùbọ́sà, kárọ́ọ̀tì, séléérì, áyù àti rosemary díẹ̀. Àwọn àgbà Ancona máa ń tẹ́ ẹ̀ká esùsú sí ìdí ìkòkò kí ẹja má bàa jó. Ohunkóhun tó bá gbé ẹja kúrò nílẹ̀ ìkòkò, tí ooru kò sì lè ṣe ní nǹkan, á ṣiṣẹ́. Ẹja àti ẹ̀fọ́ á wà nísàlẹ̀, tòmátò á tẹ̀ lé e, ọ̀dùnkún tí ẹ gé ní ńlá á wà lókè pátápátá. Ẹ da òróró sí i, ẹ da ife Verdicchio kan sí i, ti Jesi tó ṣẹ́kù yẹn dára fún un, ẹ wá bomi díẹ̀. Iná kékeré, wákàtí méjì sí méjì ààbọ̀. Ẹ má fi ṣíbí kàn án rárá, ẹ kàn máa mi ìkòkò, torí bí ẹ bá rò ó, páńlá á fọ́ wẹ́wẹ́, ọ̀dùnkún á sì di ẹ̀kọ. Ẹ sè é tán kí ẹ fi sílẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú, kí ẹ tó ṣí ti Matelica.